Ẹjọ́ Pátá Onísítáàṣì

Músílíù Àkànó, alábẹ́rẹ́, tí àwọn ará Ìsọlọ̀ ń pè ní Dókítà, ni ó ṣẹ̀ mí. Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni, nígbà tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ méjì, ní ọdún tí ó ṣáájú òmìnira. Ó dúró ní etí kànga tí ó wà lẹ́yìn ilé Alhájì Sànúsí, níbi tí àwọn obìnrin mẹ́fà ti ń fa omi, ó sì sọ fún wọn pé alágbàfọ̀ wọn, èmi nìyẹn, ti kó àtọ̀sí, àti pé ẹni tí ó bá tún kó aṣọ fún mi fọ̀, kí ó má ṣe bi ẹnikẹ́ni léèrè nígbà tí ọkọ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹkún tọ̀.

Èmi kò ní àtọ̀sí. N kò ní in rí, títí di òní tí mo ń kọ èyí. Ojú ń tì mí díẹ̀ láti ròyìn ohun tí ó ṣe mí gan-an, nítorí pé abẹ́ mi ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ti fi abẹ́ rẹ̀ ṣe ẹ̀sín ní gbangba, kí ni ó tún kù tí yóò máa fi aṣọ bò?

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ni mí, ní ilẹ̀ tí àwọn Faransé ń ṣe àkóso rẹ̀ nígbà náà. Ìwé mi kò pọ̀. Ábídí tí olùkọ́ ìjọ fi kọ́ wa ní katikísì ni mo mú kúrò nílé. Bí mo ṣe dé Òṣòdì kò ṣe pàtàkì. Ọ̀nà jìn, mo sì dé. Ohun àkọ́kọ́ tí ó dùn mí ni pé mo rìn títí dé àárín àwọn tí ń sọ èdè mi, wọ́n sì ní Ègùn ni mí.

Mo ní, “Yorùbá ni mí.”

Wọ́n ní, “Yorùbá wo? Yorùbá wo ló ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀?”

Ohun kejì ni ìwẹ̀. Nílé, odò Ọ̀pàrà ni a ti ń wẹ̀. Àbúrò bàbá mi ni í máa kó àwa ọmọkùnrin lọ, ó sì ní ìlànà tirẹ̀. Orí ni a kọ́kọ́ ń fọ̀, abẹ́ ni a ń fọ̀ kẹ́yìn. A ó fi omi ṣàn án títí ọṣẹ yóò fi tán níbẹ̀, lẹ́yìn náà a ó jókòó lórí àpáta, a ó ya ẹsẹ̀ wa, títí oòrùn yóò fi gbẹ ibi tí oòrùn kì í sábà rí. Bí ẹnìkan bá sáré wọ ṣòkòtò, á ní, “Ta ló ń lé ọ? Ṣé o fẹ́ kí olú hù níbẹ̀ ni?” A máa ń rẹ́rìn-ín. A kò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni.

Ní ilé Alhájì Sànúsí ní Ìsọlọ̀, níbi tí mo gba yàrá sí, balùwẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń lò. Páànù ni wọ́n fi gbá a yíká, páànù náà kò sì dé ilẹ̀. Ẹni tí ó bá wà nínú rẹ̀, a ó máa rí ẹsẹ̀ rẹ̀ láti kókósẹ̀ dé ojúgun, kò sì sí ẹsẹ̀ tí àwọn ará ilé kò mọ ẹni tí ó ni ín. Wọn a kan páànù gbàgàgbàgà: “Ẹsẹ̀ Alágbàfọ̀, ó tó gẹ́ẹ́, jáde!” Ẹni tí wọ́n ń kan páànù mọ́ báyìí, ṣé yóò dúró nura ni? Tòun ti omi ni mo fi ń wọ ṣòkòtò.

Àwọn Mùsùlùmí ilé náà sàn jù wá lọ. Ẹni tí ó bá tọ̀ nínú wọn yóò gbé búùtà, yóò fi omi ṣan ara rẹ̀. Àwa onígbàgbọ́ a gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, a bá tiwa lọ.

Mo ti rò ó lọ rò ó bọ̀, mo sì rí i pé ohun tí ìdálẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn kì í ṣe oúnjẹ. Èèyàn yóò rí ẹni tí yóò kí i ní òwúrọ̀, yóò sì rí ẹni tí yóò bá a mu ẹmu. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bi í bóyá abẹ́ rẹ̀ gbẹ? Ara àlejò kò ní àgbà tí ń bójú tó o.

Òṣòdì ni mo ti kọ́ iṣẹ́ alágbàfọ̀, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí ó ń gbé nítòsí ojú irin. Lẹ́yìn ọdún méjì, mo gbé bàsíà tèmi sí iwájú ilé Alhájì. Kí n má purọ́, mo mọ iṣẹ́ náà. Ẹ̀gẹ́ ni a fi ń ṣe sítáàṣì: a ó pò ó mọ́ omi tútù, a ó da omi híhó lé e, a ó máa rò ó títí yóò fi ki bí ẹ̀kọ mímu. Ẹ̀wù tí a bá rì sínú rẹ̀, tí a sì fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀, yóò gún, yóò sì máa dán. Káákì tí mo bá lọ̀ lè dá dúró. Tíṣà kan tí ń gbé ní ìkejì wa sọ pé ṣòkòtò òun ń dé iléèwé ṣáájú òun.

Ibí ni àṣìṣe mi ti wọlé. Bí mo bá ti ṣe aṣọ àwọn oníbàárà tán, sítáàṣì díẹ̀ a ṣẹ́ kù nínú bàsíà. N kò fẹ́ dà á nù. Mo ní pátá mẹ́ta, mo rì wọ́n sí i, mo lọ̀ wọ́n, wọ́n sì le gbagidi. Kò sí ẹni tí yóò rí wọn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀, mo sì ń rìn ní àdúgbò bí ọkùnrin tí aṣọ rẹ̀ gún láti inú wá sí òde.

Ní ọdún tí mo ń sọ yìí, òjò kò jẹ́ kí a rí oòrùn. Pátá kò gbẹ tán kí n tó wọ̀ ọ́. Etí rẹ̀ ń ha mí ní itan. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi, mo rò pé ìdọ̀tí ni, mo fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ ibẹ̀. Nígbà tí ó tún le sí i, mo fi sóódà ìfọṣọ pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tí ń mú káákì mọ́ ni mo fi fọ ara mi. Ara sì bó.

Músílíù rí mi níwájú ilé rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ tí ó ṣáájú Sátidé tí mo dárúkọ. Ó ti ṣiṣẹ́ gbálẹ̀gbálẹ̀ rí ní ilé ìwòsàn kan, ibẹ̀ ni ó ti rí bí wọ́n ṣe ń gún abẹ́rẹ́. Ó jù mí lọ ní ọjọ́ orí, mo sì máa ń fi ọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀.

“Alágbàfọ̀, kí ló dé tó ò ń rìn bí ẹni tó gun kẹ̀kẹ́, tí kò sí kẹ̀kẹ́ lábẹ́ rẹ̀?”

“Nǹkan kan ló ń yún mi díẹ̀, Dókítà.”

“Níbo?”

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. “Nísàlẹ̀.”

“Nísàlẹ̀ orúnkún àbí nísàlẹ̀ ìdodo?”

“Ìdodo.”

“Háà! Ta lobìnrin náà?”

“Kò sóbìnrin kankan, Dókítà.”

“Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe ń wí. Abẹ́rẹ́ mẹ́fà. Mẹ́ta ní ìdí ọ̀tún, mẹ́ta ní tòsì.”

“Ẹ ò tíì wò ó.”

“Kí ni mo fẹ́ wò níbẹ̀? Ṣé mi ò ní tèmi ni?”

Ó ti gbé agolo mílíìkì tí ó fi ń se abẹ́rẹ́ kaná. Mo mọ agolo náà dáadáa, nítorí pé ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni mo rí i tí ó fi mu gàrí. Mo sì sọ ọ́. Ibí ni mo jẹ̀bi díẹ̀, n kò sì fi pamọ́ fún yín. Mo sọ ọ́ sókè, níwájú Ìyá Rísí, tí ó wá gba abẹ́rẹ́ ibà. Mo ní, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ fọ gàrí kúrò lára rẹ̀.” Ìyá Rísí bú sẹ́rìn-ín, ó so gèlè mọ́rí, ó ní ibà òun ti lọ. Músílíù kò rẹ́rìn-ín.

Bí mo bá ṣẹ̀ ẹ́ lórí agolo, ó yẹ kí ó bá mi jà lórí agolo.

Ní àárọ̀ Sátidé náà, inú balùwẹ̀ ni mo wà, ọṣẹ kún ojú mi. Kànga kò jìnnà síbẹ̀. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀.

“Ẹ̀yin ìyá, ẹ kú omi o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ẹsẹ̀ yẹn.”

Ìyá Rísí ní, “Ẹsẹ̀ Alágbàfọ̀ ni. Kí ló ṣe é?”

“Ẹ wò ó bó ṣe yà wọ́n síra. Ọkùnrin tó bá dúró báyẹn nínú ìwẹ̀, àtọ̀sí ni. Bàsíà tó fi ń fọ pátá rẹ̀ náà ló fi ń fọ ẹ̀wù ọkọ yín.”

“Yéè! Ẹ̀wù ọkọ mi funfun ń bẹ lọ́dọ̀ ẹ̀!”

“Tèmi ń kọ́? Áńkárá mi méjì!”

Mo ké láti inú páànù pé irọ́ ni. Ọṣẹ wọ ẹnu mi. Ohun tí wọ́n gbọ́ kò ju híhó lọ. Mo gbìyànjú láti pa ẹsẹ̀ mi dé, kí wọ́n lè rí i pé ẹsẹ̀ mi ń pàdé bí ti gbogbo ènìyàn. Ara tí ó bó sì fi ìyà jẹ mí, mo tún yà wọ́n. Obìnrin kan ní, “Ẹ ò rí nǹkan!”

Kí oòrùn tó dé àtàrí, wọ́n ti kó aṣọ wọn tán, tútù àti gbígbẹ. Tíṣà fúnra rẹ̀ wá. “Kì í ṣe pé mo gbà á gbọ́ o,” ó ní, bí ó ti ń yọ ṣòkòtò rẹ̀ lórí okùn, “ìyàwó mi ni.” Aṣọ kan ṣoṣo ni ó kù lọ́wọ́ mi, agbádá ọkùnrin kan tí ó ti lọ sí Kánò. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta ní ọ̀sẹ̀ náà kí ọwọ́ mi má ba à dilẹ̀. Mo mọ̀ pé bí oṣù kan bá kọjá báyìí, n ó gbé áyọ́ọ̀nù mi padà sí Ṣábẹ̀ẹ́, n ó sì sọ fún ìyá mi pé pátá ni ó lé mi wálé.

Kò sí tẹlifóònù tí mo lè fi bá ìyá mi sọ̀rọ̀. Jósẹ́fù ni tẹlifóònù wa, ọmọ ìlú mi tí ó ń wa lọ́rì láti Òṣòdì lọ sí apá ọ̀dọ̀ wa. Bí a bá sọ ọ̀rọ̀ sí i létí, yóò gbé e délé láìsọnù. Àléébù rẹ̀ kan ni pé kò mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Mo ní kí ó sọ fún un pé àlàáfíà ni mo wà, ẹsẹ̀ nìkan ni ó ń dùn mí.

Lẹ́yìn Iléyá, mo lọ bá a ní ibi tí ó ti ń já ẹrù. Orí lọ́rì ni ó wà.

“Ìyá ẹ ní kí n kí ẹ o!” Gbogbo alábàárù yí ojú sí mi. “Ó ní ẹsẹ̀ wo? Ó ní ọmọ òun kì í ránṣẹ́ sílé torí ẹsẹ̀. Ó ní níbikíbi tó bá ń ṣe ẹ́, kó o lọ fi han ẹni tó mọ̀ ọ́n wò, kójú má tì ẹ́, torí òun lòun kọ́kọ́ fọ ibẹ̀!”

Àwọn alábàárù fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ẹrù sílẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi dà. N kò tíì rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ kànga. Ó yà mí lẹ́nu pé obìnrin tí kò dé Èkó rí mọ ibi tí ń dùn mí, nígbà tí àwọn tí a jọ ń lo balùwẹ̀ kan kò mọ ju ẹsẹ̀ mi lọ.

Ní ọjọ́ kejì mo lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Àdúrà mi ni pé kí ó jẹ́ ọkùnrin. Nọ́ọ̀sì obìnrin ni mo bá, ọmọ Ìjẹ̀bú, tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó ti ìyá mi, tí ó sì wọ awò ojú.

“Kí ló ń ṣe ọ́?”

“Ẹsẹ̀ ni, mà.”

“Bọ́ ṣòkòtò.”

“Ẹsẹ̀ ni mo wí, mà.”

“Ẹni tẹ́sẹ̀ ń dùn kì í fọwọ́ méjèèjì bo iwájú. Bọ́ ọ, àwọn èèyàn ń dúró.”

Mo bọ́ ọ. Ó wo pátá mi. Ó fi oríkèé ìka kàn án, ó sì dún kó-kó.

“Kí lèyí? Pátá àbí páànù?”

“Sítáàṣì ni, mà. Alágbàfọ̀ ni mí.”

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nu ojú, ó tún un wọ̀, ó tún bọ́ ọ. Ó wá mójú le. Ó bi mí bóyá ó ń ta mí nígbà tí mo bá ń tọ̀. Mo ní rárá. Ó bi mí bóyá ọyún ń jáde. Mo ní rárá. Ó wo ibẹ̀ fínnífínní, bí mo ṣe máa ń wo ọrùn ẹ̀wù kí n tó fọ̀ ọ́. Ó ní, “Èyí kì í ṣe àtọ̀sí. Aṣọ ló ha ọ́, ọ̀rinrin ló kó làpálàpá dé, ìwọ fúnra rẹ lo sì fi sóódà parí ẹ̀.”

Ó sọ ohun tí n ó máa ṣe. Kí n máa fi omi àti ọṣẹ ìwẹ̀ fọ ibẹ̀ lójoojúmọ́, kí n má fi ohun tó ń fọ aṣọ kàn án mọ́. Kí n ṣàn án kí ọṣẹ má kù síbẹ̀. Kí n nù ún gbẹ, kí n rọra nù ún, kí n má ha á. Kí pátá jẹ́ òwú tí ó rọ̀, tí ó sì gbẹ dénú. Kí n má ṣe bá ẹnikẹ́ni lo aṣọ ìnura kan náà. “Bí ọyún bá sì jáde lọ́jọ́ kan,” ó ní, “tàbí tí egbò bá yọ, ibí ni kó o wá. Má lọ bá alábẹ́rẹ́ òpópónà. Ṣé o gbọ́?”

Ohun tí àbúrò bàbá mi wí lórí àpáta ni ó tún wí fún mi, àfi olú nìkan ni kò fi sí i.

Ó fi òògùn olómi aláwọ̀ àlùkò kun ibẹ̀, títí abẹ́ mi fi dà bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ìkòkò aró. Ó kọ ọ̀rọ̀ sí káàdì fún mi. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mo ti ń rìn bí ènìyàn.

Ṣùgbọ́n òògùn náà kùn pátá mi, alágbàfọ̀ kò sì lè fi pátá pamọ́. Orí okùn ni ayé rẹ̀ wà. Músílíù rí i. “Ẹ wá wò ó o! Ó ti wọ̀ ọ́ lára débi tó fi ń pàwọ̀ dà!” Nígbà yìí ni mo gbé ẹjọ́ náà lọ sọ́dọ̀ Alhájì Sànúsí, onílé wa.

Inú yàrá àlejò Alhájì ni a ti gbọ́ ọ, a ti ilẹ̀kùn: Alhájì, Músílíù, èmi, àti Tíṣà tí ó wá ka káàdì. Tíṣà kà á, ó tún un kà. Ó ní, “Alhájì, wọ́n ní sítáàṣì ni.” Alhájì fi abẹ̀bẹ̀ bo ẹnu.

“Músílíù, ṣó o wò ó kó o tó wí?”

“Ìrìn rẹ̀ ni mo fi mọ̀, Alhájì.”

“Tí làkúrègbé bá mú mi, báyẹn lèmi náà ń rìn. Àtọ̀sí lo máa pe tèmi?”

“Rárá o, Alhájì. Ẹ má bínú, sà.”

“Èmi kọ́ ni kó o bẹ̀.”

Músílíù fi ọwọ́ kan ilẹ̀. “Alágbàfọ̀, má bínú.”

Alhájì ní ó tán, kí ẹnikẹ́ni má tún hú u jáde. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kò tíì tán. Mo ní kí Músílíù lọ sí etí kànga ní àárọ̀ Sátidé, kí ó sọ ọ́ fún àwọn tí ó sọ ti ìṣáájú fún. Alhájì mi orí. “Tó bá padà síbẹ̀, ọ̀rọ̀ á tún dọ̀tun. Jẹ́ kó tutù. Àlejò ni ọ́, ará Ṣábẹ̀ẹ́. Àlejò kì í mú onílé rojọ́ ní gbangba.”

Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń fọ ìdọ̀tí ìlú náà kúrò lára aṣọ wọn. Mo mọ èyí tí ń làágùn púpọ̀ àti èyí tí ń da ọbẹ̀ sáyà. Ọjọ́ náà ni mo tó mọ̀ pé àlejò ṣì ni mí.

Ohun tí ó tẹ̀lé e ni ó mú mi gbé kálàmù. Tíṣà ni ó kọ́kọ́ gba ẹ̀yìnkùlé wá. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ni nǹkan ń yún ní ibì kan, ó ń béèrè ohun tí nọ́ọ̀sì wí. Mo sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ náà láti ẹnu Tíṣà. Ẹlòmíràn dé ní ọ̀túnla, òun náà ní ọ̀rẹ́. Kí oṣù tó pé, mo ti kà tó ọkùnrin mẹ́jọ tí ọ̀rẹ́ wọn kò gbádùn. Mo kọ́ gbogbo wọn bí a ṣe ń ṣàn, bí a ṣe ń nù ún gbẹ. Wọ́n dúpẹ́ gidigidi. Wọ́n sì ń gbé aṣọ wọn kọjá níwájú mi lọ sọ́dọ̀ alágbàfọ̀ ní Mushin, nítorí ohun tí àwọn obìnrin ilé wọn gbọ́ ní etí kànga. Àwọn tí ó fi abẹ́ wọn lé mi lọ́wọ́ kò lè fi ẹ̀wù wọn lé mi lọ́wọ́.

Ìyá Rísí nìkan ni ó padà. Ó ju ẹrù aṣọ sílẹ̀ níwájú mi ní ọ̀sán gangan, níṣojú gbogbo ènìyàn. “Fọ èyí fún mi. Ṣùgbọ́n bó o bá fi sítáàṣì sí pátá ọkọ mi, ilé ẹ ni màá lé e wá!” Mo lọ̀ wọ́n bí ẹni ń lọ aṣọ ọba.

Aṣọ ilé kan kò lè bọ́ alágbàfọ̀. Mo kó bàsíà mi padà sí Òṣòdì, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn tí kò mọ ẹsẹ̀ mi. Ọdún mẹ́fà nìyí. Iṣẹ́ ti dúró, mo ti ní ìyàwó, ara mi sì dá ṣáṣá. Síbẹ̀, ní ọdún yìí gan-an, obìnrin kan láti Ìsọlọ̀ dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ó wò mí, ó di ẹrù aṣọ rẹ̀ mọ́ra, ó sì kọjá lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí, ẹ bá wa dá a. Músílíù ní òun ti tọrọ àforíjì, Alhájì ní ó ti tán. Èmi ní ọ̀rọ̀ tí a sọ ní gbangba kò ṣeé gbà padà nínú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀. N kò béèrè pé kí ẹnikẹ́ni fi ìyà jẹ ẹ́. Gbólóhùn kan ni mo fẹ́, kí ó sọ ọ́ níwájú àwọn obìnrin, pé, “Mo purọ́ mọ́ Alágbàfọ̀.” Bí ẹ bá rí i pé èyí pọ̀ jù fún àlejò láti béèrè, ẹ wí, n ó gbà. Bí ẹ bá sì rí i pé kò pọ̀ jù, ẹ bá mi sọ ọ́ fún un. Ó ṣì ń gbé ní Ìsọlọ̀. Ẹ béèrè Dókítà, wọn yóò fi ilé rẹ̀ hàn yín.